Omi Àdúrà Lórí Kọ̀ǹpútà Yunifásítì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dúró lójú fèrèsé, wọlé. Ẹni tó ń fọ abọ́, gbé e sílẹ̀ ná, abọ́ kò ní sá lọ. Ìtàn yìí dùn ju kí n dá a sọ lọ, nítorí náà, ẹ bá mi gbe orin rẹ̀:

Ẹ̀rọ tí kì í mumi,
Ẹ má fomi lọ̀ ọ́ o!
Ẹ̀rọ tí kì í jẹun,
Ẹ má gbóúnjẹ sún mọ́ ọn o!

Ẹ ṣeun. Ọ̀fun yín kò ní gbẹ.

Ní àdúgbò Ìmọ̀, ní Iléṣà, ìyá kan wà tó ń jẹ́ Phebe Ọ̀ṣuntókun. Òpó àdúrà ni Yèyé Phebe. Kò sí ohun tuntun tó wọ ilé rẹ̀ tí kì í bu omi àdúrà wọ́n. Nígbà tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bu omi wọ́n ọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ra lọ́rì, ó wọ́n gbogbo táyà, ó tún wọ́n ìjókòó dírẹ́bà. Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ń ránṣọ títí dòní. Lọ́rì yẹn kò takìtì rí. Ta ló fẹ́ wá sọ fún un pé omi rẹ̀ kò ṣiṣẹ́?

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìwàlẹwà, jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kan ní Òṣogbo. Lọ́dún kan, yunifásítì náà fún un ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí wọ́n ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Pẹlẹbẹ ni, bí ẹni ṣí Bíbélì ni wọ́n ṣe ń ṣí i. Kì í ṣe ti Ìwàlẹwà o. Ti yunifásítì ni, wọ́n kàn fi síkàáwọ́ rẹ̀ láti máa fi ṣiṣẹ́ ni.

Inú rẹ̀ ló ń kọ ìwé ìwádìí tí yóò fi gba oyè dókítà. Ó ń kọ nípa àwọn òṣómàáàlò, àwọn Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Ó ti bá àwọn àgbàlagbà náà jókòó nílé wọn, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Púpọ̀ nínú wọn ti fi ayé sílẹ̀. Ìwé tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ, ikán ti jẹ ẹ́ nínú àpótí. Ọ̀rọ̀ wọn kò sí níbì kankan mọ́, àfi nínú kọ̀ǹpútà yẹn.

Ó gbé e wá sí Iléṣà láti parí orí tó kẹ́yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ṣí i sílẹ̀ lórí tábìlì, iná rẹ̀ ń tàn, ó bá lọ wẹ̀.

Ni Yèyé Phebe bá yọ tòun ti ìgò omi rẹ̀.

"Ìwọ ẹ̀rọ yìí," ó ní, "o kò ní ṣe ọmọ mi ní jàǹbá. Ojú rẹ kò ní fọ́ ọn lójú. Olè kò ní gbé ọ. Orúkọ dókítà ni wàá fi fún un."

Ó bu omi wọ́n ọn. Ó wò ó, ó kéré lójú rẹ̀. Oyè dókítà kúkú kì í ṣe oyè kékeré. Ó bá da ìgò náà dorí kodò díẹ̀.

Omi lọ sáàárín àwọn bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Ojú ẹ̀rọ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣókùnkùn.

Àmín tó wà lẹ́nu Yèyé kò jáde tán.

Ó já gèlè lórí, ó fi nù ún. Ó nù ún títí ó fi ń dán. Ó rọra pa á dé bí ẹni pa ojú òkú dé, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìwàlẹwà jáde nílé ìwẹ̀. "Yèyé, ta ló pa kọ̀ǹpútà mi dé?"

"Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn wo? Fèrèsé wà ní títì."

"Àbí Nẹ́pà ló mú iná lọ?"

"Bátìrì ni mò ń lò, Yèyé. Nẹ́pà ò mọ ilé bátìrì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí i, ó na ìka sí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tàn án. Yèyé rí ẹ̀kán omi kan tó ń yọ bọ̀ létí ẹ̀rọ náà. Bí òun bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Ẹ̀rọ kúkú máa ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ìtìjú wúwo lọ́rùn rẹ̀ ju ọlọ lọ. Ìka ọmọ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́tìnì.

"Má tẹ̀ ẹ́!"

Ìwàlẹwà fò sẹ́yìn. "Yèyé, èé ti rí?"

"Omi wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo dà á sí i. Mo ń gbàdúrà fún ọ ni."

Ìwàlẹwà fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń yọ́ wálẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Yèyé, n ò ní ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n fún wa ní díìsìkì, wọ́n ní ká máa da iṣẹ́ wa kọ sórí rẹ̀, ká gbé e síbòmíràn. Èmi ń sọ pé ọ̀la ni, ọ̀la ni."

Nehemiah tó ń tún rédíò ṣe lójúlé kejì ti gbọ́ igbe Yèyé. Ó já wọlé tòun ti sukudiráfà.

"Ẹ gbé e wá! Kí ló le níbẹ̀? Màá tú u, a ó sá a sóòrùn, a ó tàn án wò. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti ń kọrin."

"Bọ̀dá Nehemiah, ṣé ẹ ti tú irú rẹ̀ rí?" Ìwàlẹwà bi í.

"N ò tíì tú u. Ṣùgbọ́n mo ti tún tẹlifíṣọ̀n ṣe."

"Tẹlifíṣọ̀n tèmi?" Yèyé dá a lóhùn. "Èyí tó ń sọ̀rọ̀ láìlójú láti ọjọ́ tí o ti fọwọ́ kàn án?"

"Yèyé, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú," ni Ìwàlẹwà wí. "Bí mo bá gbé e dé ọ́fíìsì, kí ni mo máa wí? Pé ìyá mi ṣèrìbọmi fún kọ̀ǹpútà yunifásítì? Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi."

Nehemiah ti ń fi sukudiráfà wá ojú ìdè. Yèyé gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Bí ọmọ ọlọ́mọ bá dákú lọ́wọ́ mi, ṣé alágbẹ̀dẹ ni màá gbé e fún, àbí ìyá tó bí i? Ẹ̀rọ yìí ní ẹni tó ni ín. Èmi ni mo ṣẹ̀, èmi ni màá gba èébú. Ìwàlẹwà, dìde. Òṣogbo yá."

Ìwàlẹwà rántí pé wọ́n ti kọ́ àwọn pé bí omi bá kan ẹ̀rọ náà, kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀. Ó yọ ọ́. Wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ wé e, wọ́n dojú rẹ̀ dé kí omi lè ro, Yèyé sì gbé e lé itan nínú mọ́tò. Gbogbo kòtò tí táyà bọ́ sí lọ́nà, inú Yèyé ló ń bọ́ sí.

Ìyá kan tó jókòó tì í wò ó títí. "Màmá, ìkókó nìyẹn? Ẹ má dorí rẹ̀ kodò bẹ́ẹ̀ o!"

"Omi ló mu yó," ni Yèyé dáhùn.

Ọ̀gá ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà yunifásítì náà, Morónkẹ́ Adéyọrí, gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn. Kí Ìwàlẹwà tó la ẹnu, Yèyé ti kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, èmi ni mo bà á jẹ́. Má bá a wí."

"Há, Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Irú omi wo ni? Ṣé iyọ̀ tàbí ṣúgà wà nínú rẹ̀?"

"A kì í fi iyọ̀ sí i. Sáàmù là ń fi sí i."

Morónkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Sáàmù kò ní bà á jẹ́, Màmá. Iyọ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Ṣé ẹ tàn án lẹ́yìn tí omi wọ̀ ọ́?"

"Rárá."

"Ẹnikẹ́ni tú u?"

"Ẹnì kan fẹ́ tú u. Mo lé e."

"Ẹ ṣeun gan-an. Omi nìkan kì í sábà pa ẹ̀rọ yìí. Iná tó bá pàdé omi nínú rẹ̀ ló ń pa á. Ẹni tó bá ní òun ń tàn án wò, òun gan-an ló ń pa á. Oòrùn náà lè ká ike rẹ̀ kò. Àwa máa tú u, a ó jẹ́ kó gbẹ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ó di ọjọ́ Ajé."

"Ṣé iṣẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀?" Ìwàlẹwà béèrè.

"N ò lè purọ́ fún yín. N ò mọ̀."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Yèyé tí ohùn rẹ̀ máa ń bo ti akọrin mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè gbe ẹsẹ̀ orin kan. Ìwàlẹwà kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ajé dé, wọ́n tún gba Òṣogbo lọ. Morónkẹ́ yọ ibi tí iṣẹ́ ń sùn sí nínú ẹ̀rọ náà, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó tàn án. Ó kùn hùn-ún. Ó dákẹ́. Yèyé di etí tábìlì mú. Ó tún kùn, ìlà ọ̀rọ̀ kan bá yọ, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n wá kún ojú ẹ̀rọ bí ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ.

Ìwàlẹwà ń kà á lọ.

"Ṣé àwọn àgbàlagbà yẹn wà níbẹ̀?" Yèyé béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Gbogbo wọn wà níbẹ̀, Yèyé."

Áà! Yèyé kọrin, Yèyé jó, ó jó láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ọ́fíìsì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ìwàlẹwà dì mọ́ ọn, ó sunkún sí i léjìká.

Ṣùgbọ́n bọ́tìnì ìtẹ̀wé ti bàjẹ́. Ìwàlẹwà jẹ́wọ́ bó ṣe rí gan-an fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n bá a wí díẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀rọ náà fún àtúnṣe. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Morónkẹ́ mú kó da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sórí díìsìkì méjì níṣojú òun, kó fi ọ̀kan sí ọ́fíìsì, kó gbé ìkejì rè ilé.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀rọ tí ibi iṣẹ́ bá fi síkàáwọ́ yín, ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹ má gbé ife omi tàbí tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣí i sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ wẹ̀. Ẹ sọ fún ará ilé ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi máa bà á jẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà sí i, kó gbà á láti òkèèrè. Ọlọ́run kò dití. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ẹ pa á, ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ, ẹ yọ bátìrì, ẹ má tàn án wò, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e fún alátùn-únṣe ìgboro. Ẹ tètè gbé e fún àwọn tó ni ín, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe lónìí, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó jìnnà sí ẹ̀rọ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, Yèyé ní kí Nehemiah wá gúnyán, kó lè rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó gún un, ó kúnná. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Gbogbo ojúlé jẹ, wọ́n lá ìka, wọ́n fọwọ́ pa ikùn, wọ́n sì fi ẹ̀rín rè ilé wọn.