Ìṣẹ́tí Síkẹ́ẹ̀tì Abẹ́rẹ́

"Ewo tún ni 'few'? Ewo ni 'a few'?"

Abẹ́rẹ́ ti ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń géṣọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tún jẹ́ ọmọ aránṣọ; ìnagijẹ rẹ̀ kò nílò àlàyé. Láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀ ni 'few', 'a few', 'little' àti 'a little' ti fẹ́ sọ ọ́ di wèrè. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la, yóò tún kíláàsì kà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àbúrò náà ti ń béèrè láti àárọ̀ bóyá àga iwájú ni àwọn méjèèjì yóò jọ jókòó sí tàbí ti ẹ̀yìn.

Ìyá wọn ní kó ka ìwé náà kóun gbọ́, bí òun kò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú. Nígbà tí ìyá jáde lọ ra òwú, ó kọ òfin ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára àjákù aṣọ funfun, ó tú ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀, ó ki àjákù náà bọ inú rẹ̀, ó sì gán an wúruwùru kó lè tètè já.

Ìbéèrè mẹ́wàá ló dá lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà lọ́jọ́ kejì. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí ìṣẹ́tí. Ó fa òwú, òwú kọ̀. Ó fi èékánná họ ọ́, pàbó ló já sí. Nígbà tó wolẹ̀, ó rí ojú ìránṣọ tó tò tẹ̀lé ara wọn bí èèrà, ó sì mọ ọwọ́ tó rán an.

Olùkọ́ bi í bóyá èèrà ló ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí agogo lù, ìbéèrè méje ṣì ṣófo.

Kó tó jókòó nílé ni ìyá ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìránkúrán wo lo rán sídìí síkẹ́ẹ̀tì yẹn? Ìgbà tí o ń wẹ̀ láàárọ̀ ni mo bá ọ fi máṣíìnì gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí aṣọ tó o fi tẹ́ inú rẹ̀, mo ní bóyá o fẹ́ kó dúró dáadáa ni."

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́. Ìyá na abẹ́ sí i.

"Tú u. Kà á fún mi."

Ó tú u títí tó fi làágùn. Ó kà á. Ìyá ní òun kò gbọ́. Kó fi ohun tó wà lórí tábìlì ṣàlàyé. Abẹ́rẹ́ wo bọ́tìnnì, ó wo ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì. Ó ní èyí tó ṣeé kà bíi bọ́tìnnì ló ni 'few'. Èyí tí kò ṣeé kà bí ìyẹ̀fun ló ni 'little'. Bí 'a' bá wà níwájú wọn, díẹ̀ wà tí èèyàn lè lò. Bí kò bá sí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ó parí?" Ìyá mí kanlẹ̀. "Ohun tó wà níwájú rẹ láti ìgbà tí mo ti bí ọ lo lọ rán mọ́ ẹsẹ̀. Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, ọmọ mi."

Èsì jáde, Abẹ́rẹ́ tún kíláàsì kà. Àbúrò rẹ̀ ti gba àga iwájú sílẹ̀ dè é. Nínú ìdánwò ọdún yẹn, kò pàdánù ìbéèrè kan lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà. Ohun tí èèyàn fi pamọ́ sínú aṣọ, ìyá tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lè rán an pa. Èyí tó bá wà nínú orí rẹ̀, kò sí máṣíìnì tó lè dí i.