Ohun Tí Mi Ò Jogún

"Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú!" ni Agbọ́n pariwo, mo sì dì í mú.

Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa la wà, níbi tí olùkọ́ kankan kì í dé. Ọmọ Télọ̀, ọmọ kíláàsì wa kan tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, ń jà fitafita lórí iyanrìn. Agbọ́n, ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń bẹ̀rù, jókòó lé e láyà, ó ń kàn án ní ẹ̀ṣẹ́, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ètè rẹ̀. Eyín kan bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà kò ju pé ó fi apá bo ìwé rẹ̀ nígbà ìdánwò ìṣirò, tí kò jẹ́ kí Agbọ́n wò ó.

"Tó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni," Agbọ́n wí, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ ọmọ ọlọ́mọ, "àwọn eyín tó kù á bá èyí lọ."

Kí n má purọ́, ojú kò tì mí lọ́jọ́ náà. Ọdún kan gbáko ni mo fi jẹ́ ẹni tí wọ́n ń nà. Wọ́n ti ju àpò ìwé mi sí kòtò ìdọ̀tí rí, wọ́n sì ti fi ilẹ̀kùn há mi níka. Láti ìgbà tí Agbọ́n ti gbà mí sẹ́gbẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn mí mọ́. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di ẹ̀ṣẹ́ tí àtàǹpàkò kò fi ní í ṣẹ́.

Dájúdájú, n kò kọ́ ìjà nílé. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ọwọ́ rẹ̀ le bí òkúta, kò sì fi nà mí rí. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà lé bíríkì, yóò kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó dìde kó tó lẹ sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn. Ìyá mi àgbà a sì wo èmi àti òun, a ní, "Ẹni bíni là á jọ."

Àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan nítòsí ibi ìwakùsà tí wọ́n ti pa tì. Adágún omi pupa kan wà níbẹ̀ tó kún fún ásíìdì. Kò sí ẹja nínú rẹ̀, irin tó bá sì jábọ́ sí i, yóò jẹ ẹ́ tán. Síbẹ̀, ewéko tín-ín-tín kan ń gbé inú omi náà, ìbátan nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára àmù. Iṣẹ́ Àǹtí ni láti máa tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo lọ kí i. Ó gbé ìgò kan sókè sí ojú fèrèsé.

"Ṣé o mọ ibi tí eléyìí ti rí agbára tó fi ń gbé inú májèlé?"

"Lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ni. Ẹni bíni là á jọ."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "O ṣì í! Kò jogún ẹ̀ rárá. Àwọn bakitéríà tí wọ́n jọ ń gbé inú omi yẹn ló ní in tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, ó gba àbùdá wọn, ó sọ ọ́ di tiẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti ń bí i mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀."

"Ọwọ́ aládùúgbò ló ti gbà á?"

"Ọwọ́ aládùúgbò ni. Àmọ́ ìwọ, má fọwọ́ kàn án o. Ásíìdì ni."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Omi tí ohun ẹlẹ́mìí ń gbé inú rẹ̀, tó ń jẹ, tó ń bímọ, báwo ló ṣe fẹ́ pa èèyàn lára? Mo ní àwọn àgbà kàn fẹ́ràn láti máa dẹ́rù bani ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Agbọ́n gbọ́ pé Ọmọ Télọ̀ ti fẹjọ́ wa sun olùkọ́.

"Mú omi pupa tó o sọ pé ó wà lọ́dọ̀ Àǹtí ẹ yẹn wá," ó ní. "Ká dà á sí i láṣọ, kó rí bí ẹni tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àbí ọkàn bíríkìlà ló wà láyà ẹ?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú wọn, mo sì mọ̀ pé bí mo bá kọ̀, ẹ̀yìn èmi ni yóò kan iyanrìn lọ́la. Mo padà lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Nígbà tó lọ gbé ìjókòó wá fún mi, mo ki ìgò kékeré kan bọ àpò.

A ká Ọmọ Télọ̀ mọ́ ara ògiri lọ́jọ́ kejì. Àwọn méjì wọ́ ọ nírun, wọ́n gbá orí rẹ̀ mọ́ bíríkì. Agbọ́n tì mí síwájú. "Ìwọ ni kó o dà á."

Aṣọ rẹ̀ ni mo dojú ìgò kọ. Ọmọ náà jà, ó yí orí, omi náà sì dà sí i lójú òsì.

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ké. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé mi. Ó fi èékánná ya ojú ara rẹ̀, ó ń gbá orí mọ́lẹ̀. Ibi tó ta sí mi lọ́wọ́ ń ta mí bí ata. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Agbọ́n àtàwọn yòókù ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mo wọ́ ọmọ náà dé ẹnu ẹ̀rọ omi, mo ń bu omi sí i lójú, mo ń sunkún, mo ń pariwo, títí àwọn olùkọ́ fi dé.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní ẹyinjú náà kò ní bọ́, ṣùgbọ́n kò ní ríran dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀, télọ̀ náà, sáré dé tòun ti téèpù ìwọ̀n lọ́rùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi létí títí mo fi ṣubú.

"Ta ló bí ẹ? Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ẹ ní ìkà báyìí?"

Bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lápá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Èmi ni mo bí i, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi mi ni. Bóyá ó wà lára mi tí mi ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìgbátí lọ.

"Bàbá, ẹ dìde," mo ní. "Mi ò jogún ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Èmi ni mo lọ gbà á níta."

Wọ́n lé èmi àti Agbọ́n kúrò nílé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí nítorí ìgò kan. Ìyá mi àgbà kò sọ pé ẹni bíni là á jọ mọ́, ohun tó ń sọ ni pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ni. Ohun tí èèyàn bá sì gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ara ẹ̀ náà ló ń di.

Ọmọ Télọ̀ ló máa ń bá ìyá rẹ̀ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò lè ṣe é mọ́. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ ṣe é. Fún oṣù mẹ́ta, ìyá àtọmọ kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá náà wo bí mo ṣe rọra ń fa òwú jáde.

"Ọwọ́ ẹ rọ̀," ó ní. "Ta lo jọ?"

Omi lé sójú mi. "Bàbá mi ni, mà."

Ó na abẹ́rẹ́ mìíràn sí mi.