Ọkùnrin Tó Wà Nínú Dáínósọ̀

Síìpù ẹ̀yìn awọ dáínósọ̀, ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ya fíìmù kan, já ní àárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan sì ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n sáré lọ pe aránṣọ. Ó mú abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán tìmùtìmù dání, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹranko náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún mi," ohùn kan wí láti ọ̀fun ẹranko.

"Tí ẹ ò bá mira, mi ò ní gún yín."

"Ẹ̀rín ló ń pa mí."

"Ẹ gbé ẹ̀rín yẹn mì ná, kí n fi parí."

Ó rán ọkùnrin náà mọ́ inú fóòmù àti rọ́bà bí ẹni rán ẹnu àpò, láìtíì rí ojú rẹ̀. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́, tó fi sísọ́ọ̀sì tú òwú náà, ló tó rí i: ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òógùn ti rin ín gbindingbindin, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣeun tí ẹ bí mi," ó ní.

Báyìí ni wọ́n ṣe mọra. Ọ̀gá tó ń darí fíìmù náà ní òun á ra síìpù mìíràn lọ́la. Ọ̀la yẹn ò dé títí iṣẹ́ fi parí.

Nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń ya fíìmù ọ̀hún. Wáyà àti páálí ni wọ́n fi ṣe igbó rẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ ni pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan wọ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn padà sí ayé àtijọ́. Ẹ̀rọ bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, dáínósọ̀ wá ń lé wọn kiri. Ká má parọ́, ihò inú ìtàn náà ju ti asẹ́ lọ. Dáínósọ̀ tó ń gbọ́ ìró ewé láti òdìkejì odò ò lè gbóòórùn obìnrin tó sá sẹ́yìn òdòdó kan ṣoṣo. Obìnrin náà ò sì jẹun látọjọ́ pípẹ́, àmọ́ ohun pupa tó kùn sétè ò ṣí rárá.

Ṣùgbọ́n tí ọkùnrin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú awọ ẹranko, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́. Ó ti fi ọ̀pọ̀ àárọ̀ wo àkùkọ àgbàlá wọn, bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, tí á dá a dúró lókè díẹ̀, kó tó fi í lélẹ̀. Kódà àwọn tó mọ̀ pé fóòmù ni máa ń fà sẹ́yìn. Oníìrù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ó sì ń dáhùn.

Àárọ̀ ni rírán, ìrọ̀lẹ́ ni títú, ọ̀rọ̀ wọn sì ń gba ọ̀fun ẹranko kọjá láàárín méjèèjì. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" lẹ́nu wọn, tí Oníìrù sì di Oníìrù mi. Ìfẹ́ dà bí oyún, kì í ṣe é bò mọ́lẹ̀ títí.

"Tí mo bá jáde nínú ẹranko yìí pátápátá, ṣé wàá fẹ́ mi?" ó bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Màmá mi lo máa kọ́kọ́ rí, àyànfẹ́."

Àjà kẹta ni aránṣọ àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Màmá gbọ́ bí àlejò náà ṣe ń mí lórí àtẹ̀gùn kó tó rí ojú rẹ̀. Ó gbà á lálejò dáadáa, ó fún un lómi, ó bi í nípa iṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni Màmá wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ gidi ni. Kì í ṣe awọ ẹranko tó ń wọ̀ jẹun ló ń dùn mí."

"Kí wá ni, Màmá?"

"Bí bàbá rẹ ṣe ń mí ló ń mí."

Ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́ títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Orí itan Màmá ni orí rẹ̀ wà ní gbogbo ọjọ́ ìkẹyìn wọ̀nyẹn.

"Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá," Màmá ní. "Mi ò fẹ́ kó o dopó ní kékeré. Bi í léèrè."

Ó bi í. Oníìrù ní ooru lásán ni, ó fẹnu kò ó níwájú orí. Aránṣọ gbà á gbọ́, torí ó wù ú láti gbà á gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ya ibi tí ẹranko ti ń lé ọkùnrin àti obìnrin inú fíìmù gba inú igbó. Àwọn yòókù lọ jẹun, ẹranko sì wà nílẹ̀ gbalaja. Aránṣọ pè é láti ọ̀fun, kò gbọ́ nǹkan kan. Kò dúró tú òwú mọ́. Ó fi sísọ́ọ̀sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí ìrù. Ètè Oníìrù ti ṣú. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń pè é, títí ó fi lajú.

"Dókítà ní ọkàn mi ò lágbára," Oníìrù sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ní mi ò gbọdọ̀ wọ ibi tí ooru ti mú, tí atẹ́gùn ò sí."

"Ìgbà wo ló sọ ọ́?"

"Kí n tó mọ̀ ẹ́."

"O sì ń jẹ́ kí n máa rán ẹ mọ́bẹ̀ lójoojúmọ́?"

Oníìrù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ku ibi tí ẹranko náà ti máa jáde nínú omi, àti ibi tó ti máa kú. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò ṣe nǹkan kan rí tí àwọn èèyàn dákẹ́ wò mí bẹ́ẹ̀. Má sọ fún wọn. Ṣèlérí fún mi, ayọ̀ mi."

Ó ṣèlérí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Oníìrù wọ awọ náà, ó kẹ̀yìn sí i. Ọ̀gá ń pariwo pé kí wọ́n ṣe kíá. Aránṣọ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ó di etí awọ méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yìn ọkùnrin tó fẹ́ràn ló ń wò níbẹ̀, tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Mi ò rán an."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ọ̀gá bi í.

"Àìsàn ọkàn ń ṣe é. Tí mo bá rán an mọ́bẹ̀ lónìí, òkú ni màá tú jáde nírọ̀lẹ́."

Ọ̀gá lè jẹ́ aláriwo, àmọ́ kì í ṣe apààyàn. Ó ní kí Oníìrù bọ́ awọ sílẹ̀, ó sì ní kí awakọ̀ tó ń kó ẹrù wọn gbé e wọ̀. Oníìrù ò jiyàn. Ó kàn wo aránṣọ.

"Ìwọ nìkan ni mo kẹ̀yìn sí láìbẹ̀rù," ó ní. "Ìwọ náà lo tà mí."

Ó lọ. Aránṣọ pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e. Oúnjẹ kọ̀, oorun kọ̀. Ó yẹ kí inú Màmá dùn, àmọ́ kò dùn. Nígbà tí fíìmù náà jáde, Màmá ló ní kí wọ́n jọ lọ wò ó.

Ilé sinimá kún fọ́fọ́. Pẹ̀lú gbogbo ihò rẹ̀, fíìmù náà dùn. Àwọn èèyàn ń lọgun, wọ́n ń di ara wọn mú. Ẹranko náà rìn wọ inú omi tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Ìgbà tó jáde lódìkejì, ó ń rìn bí ẹni tó gbé mátíráàsì sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá tó àkókò kí ẹranko kú, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ iná ńláńlá, akọni fíìmù sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí láìdákẹ́.

"Ẹ jẹ́ ó kú, a fẹ́ lọ sílé," ẹnì kan wí lẹ́yìn, ẹ̀rín tún sọ. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín.

Oníìrù, tí òun náà wá wo fíìmù ọ̀hún, ń dúró dè wọ́n ní ọ̀nà àbájáde. Ó ti rù díẹ̀. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá kọjú sí aránṣọ.

"Nígbà tí awakọ̀ jáde látinú omi, inú bí mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tó sùn sábẹ́ iná yẹn, mo ń wo bó ṣe ń pẹ́ tó. Èmi ni ì bá wà níbẹ̀. Ǹ bá má dìde mọ́, wọn ì bá sì máa pàtẹ́wọ́. O gbà mí lọ́wọ́ ikú, mo wá ń bá ẹ bínú. Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́, Oníìrù mi."

"Kí wá ni dókítà ń wí?" Màmá dá sí i.

"Ó ní kí n máa lo oògùn, kí n wá iṣẹ́ tí kò le. Kò ṣèlérí nǹkan kan fún mi, Màmá. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín."

Aránṣọ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màmá, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ò fẹ́ kí ojú mi rí ohun tójú yín rí."

"Òótọ́ ni. Ojú mi rí nǹkan." Màmá fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Àmọ́ ṣé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé mo kábàámọ̀ pé mo fẹ́ bàbá rẹ?"

Ọmọ rẹ̀ ronú sẹ́yìn. Kò gbọ́ ọ rí.

"Ká ní wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo pàdé rẹ̀ pé bó ṣe máa parí nìyẹn, màá sunkún, màá sì tẹ̀ lé e."

Àwọn èèyàn ń rọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn jáde, wọ́n ń fi ìrìn awakọ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Màmá tún gèlè rẹ̀ wé, ó kọjú sọ́nà ilé. Bó ṣe rìn díẹ̀, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn wo Oníìrù.

"Rọra máa bọ̀, ọmọ mi," ó ní.

Aránṣọ fi apá kọ́ apá Oníìrù. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, ó sì gba méjèèjì mọ́ra.