Iyanrìn Inú Ike

"Ìlú yín lẹrù ẹ̀ wúwo jù!"

Ọkùnrin tó ń wo òṣùwọ̀n ló kéde bẹ́ẹ̀, ni ariwo ayọ̀ bá sọ létí òkun. Péńpé, ọmọ Ìyá Ẹ̀rọ, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìlú mẹ́ta tó wà létí òkun náà ló dáwó jọ ra ẹ̀rọ tí ń lọ ike, nítorí ike ti ń pọ̀ ju ẹja lọ nínú àwọ̀n àwọn apẹja wọn. Ìlú tó bá kó ike jọ jù ni ẹ̀rọ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan. Ìyá Péńpé ló ti ń lò ó láti èṣí. Bí ẹ̀rọ náà bá wúkọ́ lásán, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún. Bí ẹ̀rọ bá lọ, iṣẹ́ ìyá lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí Péńpé fi rọ iyanrìn tútù sínú àwọn ike òróró ọkọ̀, àwọn dúdú tí a kì í rí inú wọn, odindi àpò mẹ́fà, tó sì dé ọmọrí wọn pinpin.

Kò mọ̀ pé lójú gbogbo ayé ni wọn yóò ti lọ ike ìlú tó borí. Ìyá rẹ̀ gbé àpò kìíní, ó nawọ́ sí bọ́tìnnì. Péńpé rántí ohun tí ìyá máa ń sọ lójoojúmọ́ pé òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo tó láti ba abẹ inú ẹ̀rọ náà jẹ́. Ó figbe ta:

"Màmá, ẹ dúró! Iyanrìn wà níbẹ̀! Èmi ni mo rọ ọ́ sí i!"

Ìyá wò ó títí. Kò gbá a létí, kò sì wá àwíjàre kankan. Ó kọjú sí àwọn àlejò láti ìlú méjì yòókù.

"Ẹ̀yin ará, ọmọ mi ni. Ẹ yọ ìlú wa kúrò. Àwọn tó tẹ̀ lé wa ló ni ẹ̀rọ."

Àwọn kan nínú ará ìlú rẹ̀ ń kùn. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n!

Kí ẹ̀rọ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ọjọ́ mẹ́rin ni Ìyá fi kọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ìlú kejì tí yóò gba iṣẹ́ náà, láìfi ohunkóhun pa mọ́. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń pọ́n abẹ, àti bí a ṣe ń gbọ́ ikọ́ ẹ̀rọ. Péńpé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń da iyanrìn nù, ó ń fọ ike lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìka rẹ̀ fi bó.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kọ́ ọ tó báyìí? Iṣẹ́ yín ló ń gbà lọ o."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ta ló pààlà sójú òkun? Ike tí wọn ò bá rí lọ̀ lọ́hùn-ún, àwọ̀n bàbá ẹ ló máa gbé e. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ló máa bà."

Ìyá padà sídìí àwọ̀n títún ṣe, ọwọ́ sì há díẹ̀ nílé. Ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn òjò, bàbá fa àwọ̀n gòkè. Tẹ́lẹ̀, ike ni ìdajì rẹ̀ máa ń jẹ́. Lọ́jọ́ yìí, tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìlú kejì, mẹ́rin péré ni Péńpé kà, ẹja ló kù. Ó wá yé e yékéyéké pé ohun tí a bá jọ ni, ẹni tó fi irọ́ bà á jẹ́, tara rẹ̀ ló bà jẹ́.

Ó fọ ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbọn omi inú wọn dànù, ó yọjú wo inú wọn, kó tó jù wọ́n sínú àpò tó ń lọ sí ìlú kejì.