Ẹni Tó Ń Dáhùn ní Ìsàlẹ̀ Òkè

Ohùn mi ni ọmọ ọmọ mi gbọ́ láti ìsàlẹ̀ òkè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi kò la ẹnu.

Ọ̀kẹ́rẹ́ là ń pè é nílé, nítorí láti kékeré ni kò ti sí ohun tí kì í gùn. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, inú ṣọ́ọ̀bù mi ló sì ti dàgbà. Nígbà tó ní òun fẹ́ wọ ìdíje àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, ìyá rẹ̀, tí í ṣe ọmọ bíbí inú mi, ní orí kunkun náà, ọ̀dọ̀ mi ló ti kó o. Mo ní ohun tí ewúrẹ́ bá jẹ ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Ó ní òun kò ní wá wòran o, òun kò ní fi ojú òun rí i.

Ọmọ náà kò ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí. Mo kọ́ ọ kó máa fún bíréèkì ẹ̀yìn ṣáájú ti iwájú, kó dìde lórí àga kẹ̀kẹ́, kó má sì wo ẹsẹ̀ táyà, ibi tó ń lọ ni kó máa wò. Ọ̀nà òkè náà tín-ín-rín, ó sì lọ́ bí ìfun. Ẹni tó wà lókè kò lè rí ìsàlẹ̀, nítorí náà a ní àdéhùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ á dúró lókè, á pariwo pé, "Mo ń bọ̀ o!" Bí ọ̀nà bá mọ́, èmi tí mo wà nísàlẹ̀ á dáhùn pé, "Máa bọ̀!" Ìgbà náà ni yóò tó tú bíréèkì sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ̀ka igi ńlá kan já sójú ọ̀nà. Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń wọ́ ọ, nígbà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀. N kò dáhùn. Mo mọ̀ pé yóò dúró. Àwọn ẹyẹ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí àgbà wọ ilé tí ọmọdé ti ń pariwo. Kí n tó gbé orí sókè, mo ti ń gbọ́ táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Díẹ̀ ló kù kó gbá mi. Ó yà wọ inú koríko, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó.

"Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ta ló ní kí o wá?"

"Ẹ̀yin náà ni! Ẹ ní, 'Máa bọ̀.' Ẹ tiẹ̀ wúkọ́ kí ẹ tó sọ ọ́, bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Mo ní etí rẹ̀ ló ń tàn án. Ó ní ọjọ́ orí ló ń jẹ́ kí n gbàgbé. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

N kì í gba ohun tí n kò bá fi ojú ara mi rí. Lọ́jọ́ kejì, mo bá a gun òkè, a kò fi ẹnikẹ́ni sí ìsàlẹ̀. Mo ní kó pe ìpè rẹ̀. Ó pè é. Etí mi kò gbọ́ nǹkan kan, àfi atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti ń tú kúrò lára bíréèkì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ̀kẹ́ sì ti ń yí. Mo di í mú.

Ó wo ẹnu mi, ó wo ìsàlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà níbí. Ta ló wá wà lọ́hùn-ún?"

Ọkùnrin kan wà tó ń ro ojú ọ̀nà òkè náà fún àwọn tó ń ṣètò ìdíje. Ṣọ́jà là ń pè é nítorí bó ṣe ń fẹsẹ̀ kan wọ́lẹ̀ tó sì tún ń yan. Kò wọ aṣọ ológun rí. Òun náà ti fi kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ nígbà kan. Mo lọ bá a nídìí iṣẹ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ fún un. Ó fi àdá sílẹ̀.

"Bàbá, igbe yẹn kọ́ ni wàhálà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ọmọ yín ń sọ ni. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀, wọ́n á máa retí rẹ̀."

"Ta ni 'wọ́n'?"

"N kò dúró bi wọ́n. Ẹsẹ̀ mi kan ló dúró síbẹ̀." Ó tún gbé àdá. "Ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ mọ́. Bí kò bá ti sọ ọ́, á dé ìsàlẹ̀ láyọ̀."

Mo bẹ ọmọ náà kó fi ìdíje sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá sá fún òkè yìí, òkè wo ni n kò ní sá fún?" Ọ̀rọ̀ tí èmi náà ì bá sọ ni. La bá fi fèrè rọ́pò igbe. Ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gòkè, kò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó já fáfá débi pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré náà ń bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ohun tí mo gbàgbé ni ilé tí ó ti jáde wá. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé òun ń lọ. Bí o bá ń fi ilé sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ìrìn àjò ọdún kan, "Mo ń bọ̀" ni wàá sọ, kí ọkàn àwọn tó kù lẹ́yìn lè balẹ̀ pé o máa padà. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gbá a létí rí nítorí pé ó ní òun ń lọ sí ilé ìwé.

Láàárọ̀ ìdíje, ìyá tó ní òun kò ní wòran ló kọ́kọ́ dé orí òkè. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ de akoto ọmọ rẹ̀ ní àgbọ̀n.

"Ṣọ́ra o, ọmọ mi."

"Ẹ má mikàn, Mọ́mì. Mo ń bọ̀."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀. Mo rí i bó ṣe tẹ́tí sílẹ̀, bí ojú rẹ̀ ṣe rọ̀, bí ẹni tí a pè wọ inú ilé láti inú òjò. Ẹni tó máa fun fèrè ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje kò tíì fun ún, ìka ọmọ náà sì ti ń tú. Mo sáré fi ọwọ́ mi bo ọwọ́ rẹ̀ lórí bíréèkì, mo kọjú sí ìsàlẹ̀, mo sì fi gbogbo agbára mi kígbe:

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé ni! Èmi ni mo ń bọ̀!"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, nọ́ńbà yín dà?" Òmíràn ní, "Ẹ bá Bàbá wá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta!"

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti ìsàlẹ̀ wá, ó tutù, ó dùn létí.

"Ẹ máa bọ̀, Bàbá."

Ohùn Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ọmọ náà sì wà níwájú mi, ó pa ẹnu dé, ó ń wò mí. Ẹsẹ̀ mi ti gbé ìgbésẹ̀ kan kí n tó mọ̀.

Ó wá yé mi. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ní ohùn tirẹ̀. Ó ń yá ohùn ẹni tí a kì í bi ní ìbéèrè, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti pè wá, a ti dìde.

Fèrè dún. Ọmọ mi já lọ. Kò gba ipò kìíní, kò sì gba ìkẹyìn, ó sì dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun dé kọ́nà kan létí ọ̀gbun nísàlẹ̀, ibi tí ohùn náà ti ń wá tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ibẹ̀ ṣófo, bí àga tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bó bá pè mí láti ìta, n kì í dáhùn àfi tí mo bá rí ẹnu rẹ̀. Inú bí i títí, mo sì parọ́ fún un pé etí mi ti di. Ní báyìí, ó máa ń wá fọwọ́ kàn mí léjìká kó tó sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó ti lọ sí ìdíje kan ní ìlú tó jìnnà. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń yọ táyà kan. Ọwọ́ kan kàn mí léjìká, ó fúyẹ́, ó sì tutù. Ohùn Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀."

N kò bojú wẹ̀yìn. Mo ní, "Mo ń bọ̀," bí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wí fún oníbàárà tó ń kánjú, mo sì ń bá iṣẹ́ táyà mi lọ.