Aṣọ Funfun Casilda

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé ọkọ̀ Sípéènì dé ẹnu èbúté Caleta Honda ní Kúbà, lọ́dún 1742, orí òrùlé ni Casilda wà. Ó ti ta aṣọ ibùsùn funfun sórí òpó, bó ṣe máa ń ṣe nígbàkigbà tí ọkọ rẹ̀ bá wà lójú omi.

Àpáta pọ̀ lábẹ́ omi níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọlé. Baltasar, ọkọ rẹ̀, tó wà nínú ọkọ̀ Sípéènì náà, ló ń fi ọ̀nà han ọkọ̀. Bí aṣọ náà àti àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tò léra wọn lójú rẹ̀, ó dé ọ̀nà nìyẹn. Òun náà ló kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé bó bá ti rí àsíá ọ̀tá, kó ká aṣọ yẹn kíá.

Petronila, aládùúgbò wọn, ń pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Casilda! Gẹ̀ẹ́sì rèé o! Ká aṣọ yẹn!"

"Baltasar ò tíì wọlé."

"Wọ́n á fi mọ̀nà dé ilé gbogbo wa!"

"Tó bá jẹ́ ọkọ tìẹ ló wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Tèmi? Ọ̀lẹ yẹn? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà láti àárọ̀."

Ìbọn ńlá dún lórí omi. Ohùn Petronila yí padà. "Arábìnrin mi, jọ̀ọ́, sọ̀ kalẹ̀."

Casilda kò sọ̀ kalẹ̀. Òpó ìgbòkun kan ti ṣẹ́ nínú ọkọ̀ Baltasar, ńṣe ló ń wọ́ bọ̀. Ìgbà tí ìdí ọkọ̀ náà kọjá àpáta tó kẹ́yìn ni Casilda tó fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ náà já. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tẹ̀ lé e kò rí àmì mọ́. Ó forí sọ àpáta, ó há. Ibi tó há sí ló ti yìnbọn sí òrùlé náà.

Nígbà tí Baltasar gòkè débẹ̀, aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Mo ní kó o ká a kíá," ló ń sọ. "Ṣebí mo ní kó o ká a kíá."

"Ká ní ó gbọ́ tìẹ ni," Petronila ní, "ìsàlẹ̀ omi ni ìwọ ì bá wà báyìí."

Aṣọ náà ni wọ́n fi sin ín, níbi tí ilé tí ìbọn bàjẹ́ náà wà. Baltasar fi òkúta mọ sàréè náà ga, ó sì ń kùn ún lẹ́fun lọ́dọọdún kó lè hàn dé ojú omi.

Ogun parí. Àwọn ọba méjèèjì bọwọ́, wọ́n sì gbàgbé Caleta Honda. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ àpáta, ọ̀gá ọkọ̀ á bi arúgbó tó ń fọ̀nà hàn án léèrè pé:

"Baltasar, ṣé o ti rí Casilda?"

"Mo rí i," á ní. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."