Tafaddal Ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àtàláátà kan ní ìlú Ammán, Rihab jókòó sí ìjókòó iwájú nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e relé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ara rẹ̀ ń dán. Ẹni tó bá wò ó kò ní mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ni, torí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ sílé ìwòsàn fún un. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló fi bo báńdéèjì apá rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀: "Má fi apá yìí di nǹkan kan mú lónìí o."

Bọ́ọ̀sì dúró. Abu Nawwaf, bàbá arúgbó kan tó ń tẹ ọ̀pá, wọlé. Kò sí àyè mọ́.

"Ẹ wo ayé!" Umm Fadi, ìyá oníbáàgì tòmátì tó jókòó lẹ́yìn Rihab, gbóhùn sókè. "Ọmọ tó le bí ọta, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún arúgbó ló fìdí kalẹ̀ sí! Àbí wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú ti Rihab. Omidan tí wọn ò tíì wá tọrọ, ṣé kó máa ké àìsàn nínú bọ́ọ̀sì, kí ọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ dé àdúgbò? Ó dìde.

"Tafaddal, bàbá," ìyẹn 'ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á' lédè Lárúbáwá. "Ẹ jókòó."

"Rárá, ọmọ mi. Jókòó rẹ jẹ́ẹ́."

"Tafaddal, bàbá."

"Wallahi, mi ò ní jókòó."

Ní ìlú wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni àgbà máa ń kọ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń gbà. Rihab mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ níbẹ̀ yẹn, ìjókòó ti padà di tòun. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, tafaddal!"

Bàbá jókòó, ó ń súre fún un.

Bọ́ọ̀sì yí ní oríta. Rihab fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Apá tí wọ́n kìlọ̀ rẹ̀ gan-an ló fi gbá irin mú. Ẹ̀jẹ̀ yọ lára aṣọ.

"Awakọ̀, ẹ dúró!" Siham, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀, sáré wá látẹ̀yìn. Ó gbé apá náà sókè, ó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Bàbá ti dìde fún un, Rihab sì jókòó.

"Ta ló ní kó dìde?" ni Siham bi wọ́n. Ojú gbogbo wọn lọ sí Umm Fadi. Ó nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé. "Màámá, ẹ bá wa kà á."

Umm Fadi kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀: "Arúgbó. Aláboyún. Àti... ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè dúró."

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìsàn náà gbọ́dọ̀ hàn sójú? Bí ẹ bá fẹ́ ìjókòó fún àgbà, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ọkọ̀. Ẹni tó lágbára á dìde. Ìwọ náà, Rihab, 'Mi ò lè dúró' ti tó. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní orúkọ àìsàn rẹ."

"Ọlọ́run dárí jì mí." Umm Fadi gbé báàgì rẹ̀, ó dìde. "Bàbá, tafaddal."

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá kò kọ̀ rárá.

Ẹ̀yin ará, ká tó dá ẹni lẹ́jọ́ nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ ká fi ahọ́n ta ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí Rihab fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Siham ní, "Ó di Àlàmísì o." Abu Nawwaf gbọ́, ó pe Rihab.

"Ọmọ mi, Àlàmísì lo tún ń bọ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Bí mo bá wọlé, jọ̀ọ́, má dìde fún mi."